Ọ̀nà Kan Ṣoṣo Láti Ti Fèrèsé

Àǹtí Happiness ló kọ́kọ́ ráhùn nípa àwọn fèrèsé náà. Nọ́ọ̀sì ni, obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, ọmọ Kogí tó jẹ́ pé Kàdúná ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ungwan Rimi ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti Fẹ́yìsayọ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Kabala Costain, orí ìlà kan náà ni wọ́n sì máa ń dúró sí tí wọ́n bá ń kọrin. Fẹ́yìsayọ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ kóòdù, ìyẹn kíkọ àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ló ń ṣe. Òun àti ọ̀gá rẹ̀, Ọládàpọ̀, ló ń bójú tó ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ilé ìwòsàn náà fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú kan, Àǹtí Happiness fa Fẹ́yìsayọ̀ lọ́wọ́ lọ sábẹ́ igi dongoyárò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Fẹ́yì, jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo nǹkan tí ẹ gbé fún wa yìí. Gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀, fèrèsé kékeré kan á ta jáde lójú kọ̀ǹpútà. Kí n tì í á wá dogun. Òmíràn, àmì X ni mo máa tẹ̀. Òmíràn ò ní X rárá, àfi kí n máa wá 'Cancel' kiri nísàlẹ̀. Òmíràn á tún máa bi mí ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, 'Ṣé ó dá ọ lójú? Ṣé ó dá ọ lójú?' Haba! Aláìsàn ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ń bá fèrèsé jìjàkadì."

Fẹ́yìsayọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Àǹtí. Mà á tún un ṣe."

Òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Ọwọ́ tó ti kan ètò náà ti pọ̀ jù. Olúṣẹ̀yẹ, ọkùnrin tó wà nídìí iṣẹ́ náà kí Fẹ́yìsayọ̀ tó dé, ti kọ tirẹ̀ kó tó ṣí lọ sí Àbújá. Ọládàpọ̀ ti fi tirẹ̀ lé e. Fẹ́yìsayọ̀ fúnra rẹ̀ ti fi tirẹ̀ kún un. Olúkúlùkù fèrèsé ló ní bí wọ́n ṣe ń tì í, bí ilé alágbàlá tí onílé kọ̀ọ̀kan fi irú kọ́kọ́rọ́ tó wù ú sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀.

Fẹ́yìsayọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn, yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà ní Kabala Costain. Ó ní òun fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan. Kí ó jẹ́ pé ibi yòówù kí èèyàn tẹ̀, ì báà jẹ́ X, ì báà jẹ́ 'Cancel', ì báà jẹ́ ẹ̀yìn fèrèsé náà, ìyẹn ibi tó ṣófo yí i ká lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ á gbà tì. Inú Ọládàpọ̀ dùn sí i. Ọkùnrin tó fẹ́ràn kí iṣẹ́ mọ́ ni. Ó ní kó máa ṣe é lọ.

Kò sí iṣẹ́ tó dùn mọ́ Fẹ́yìsayọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Lójoojúmọ́ ló ń pa kóòdù rẹ́. Ibi tí ìlà bíi ọgbọ̀n ti wà tẹ́lẹ̀, ìlà kan péré ló ń fi síbẹ̀. Bó ṣe ń dín in kù ni orí rẹ̀ ń wú, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ yàrá tí wọn ò tíì gbá láti ọdún tó kọjá.

Ìgbà tó dé ibi fèrèsé ìkìlọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Fèrèsé yìí ni nọ́ọ̀sì máa ń ṣí tó bá fẹ́ kọ ohun tí ara aláìsàn kò gbà sílẹ̀, kí dókítà lè rí i kó tó fún un lóògùn. Olúṣẹ̀yẹ ti fi nǹkan kan síbẹ̀ tí kò sí nínú àwọn yòókù. Bí èèyàn bá ti kọ ohunkóhun sínú rẹ̀ tí kò sì tíì fi pamọ́, fèrèsé náà kò ní tì bọ̀rọ̀. Á kọ́kọ́ bi onítọ̀hún pé ohun tó kọ kò tíì wọlé o, ṣé kí òun tì í bẹ́ẹ̀? Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè ọlọ́pàá tí Àǹtí Happiness ń ráhùn sí nìyẹn. Kò sì bá ọ̀nà kan ṣoṣo tí Fẹ́yìsayọ̀ là sílẹ̀ mu. Kó tó lè fi sí i, àfi kó tú iṣẹ́ rẹ̀ tó ti gún régé kó sì tún un tò.

Ó mọ ohun tí ìbéèrè náà wà fún. Èyí ló wá dùn ún jù nígbà tó yá. Kì í ṣe pé kò rí i, kì í sì í ṣe pé kò yé e. Ó rí i, ó yé e, ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á dá a padà tó bá yá, ó sì pa á rẹ́.

Nígbà tó fi iṣẹ́ náà han Ọládàpọ̀, ọkùnrin náà ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún, fèrèsé ń ṣí, fèrèsé ń tì wẹ́rẹ́. "Madalla! Iṣẹ́ nìyí," ló wí. "Ṣé kò sí ohun tó ṣe pàtàkì tó bá àwọn èyí tí o yọ lọ?"

"Kò sí, sà."

Bí wọ́n ṣe gbé e jáde nìyẹn.

Ẹnu Àǹtí Happiness kò gba ọpẹ́ náà. Ó ra máásà gbígbóná, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, wá fún Fẹ́yìsayọ̀ níbi ìdánrawò orin, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ akọrin pé ọmọ yìí ló gba òun lọ́wọ́ ìyà. "Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ rẹ," ló wí, ó gbá ọwọ́ náà mú, ó mì ín. Fẹ́yìsayọ̀ jẹ máásà, ó ṣe àmín. Èyí tó ní òun á dá padà tó bá yá, ó ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá.

Ìgbà òjò wá dé, ibà sì bá a dé. Èrò kún ilé ìwòsàn náà débi pé àwọn ìyá ń jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ganiat, obìnrin Yorùbá tó ń ta aṣọ ní Kabala Costain, gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé. Jemilat lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọ̀fun ń dùn ún, ara rẹ̀ sì gbóná bí ààrò. Àǹtí Happiness ló gbà wọ́n. Ó bi ìyá léèrè bóyá oògùn kan wà tí ara ọmọ náà kò gbà.

"Pẹnisílínì," ni Ganiat fèsì. "Ẹ má fún un ní pẹnisílínì o, Sísítà. Ìgbà kan tí wọ́n fún un, díẹ̀ ló kù."

Kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan wà tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń gbé lọ́wọ́ kiri, ìka ni wọ́n fi ń tẹ ojú rẹ̀. Àǹtí Happiness ṣí fèrèsé ìkìlọ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara ọmọ yìí kò gba pẹnisílínì. Kó tó fi pamọ́, wọ́n pariwo pè é láti wọ́ọ̀dù kejì pé ọkùnrin kan ṣubú. Bó ṣe yíjú padà, àtàǹpàkò rẹ̀ kan ẹ̀yìn fèrèsé náà. Fèrèsé tì wẹ́rẹ́. Kò bi í ní nǹkankan. Ó wò ó, ó rí i pé ó ti lọ, ó rò pé ó ti wọlé nìyẹn, ó sì sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń pè é.

Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wo àkọsílẹ̀ Jemilat, kò rí ìkìlọ̀ kankan. Ó ní kí wọ́n gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ pẹnisílínì. Nọ́ọ̀sì mìíràn ló gún un, Ganiat wà níta níbi tó ti ń ra omi. Ìgbà tó fi máa wọlé, ojú ọmọ rẹ̀ ti wú pa, ètè rẹ̀ ti dúdú, èémí rẹ̀ ń han bí ayùn. Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ dé títì.

Wọ́n sáré gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ tó ń tú ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Ó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n Jemilat kò kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọládàpọ̀ pe Fẹ́yìsayọ̀ lórí fóònù nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì. Ó ní Dókítà Jimoh, ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà, ti pe òun. Ìyá ọmọ ní òun sọ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní òun kọ ọ́. Ẹ̀rọ sì ní òun kò rí nǹkankan. "Sísítà Happiness yẹn ni," ni Ọládàpọ̀ wí. "Ó ní fèrèsé náà kàn tì fúnra rẹ̀ ni. Bá mi wò ó bóyá ẹ̀bi wa ni. Mò ń bọ̀ wá gbé ọ, ká jọ lọ síbẹ̀."

Fẹ́yìsayọ̀ kò tíì fi fóònù sílẹ̀ tó fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ṣí kóòdù náà, bí ẹni tó ń ṣí aṣọ lójú òkú, ó sì rí ibi tí ìbéèrè Olúṣẹ̀yẹ wà tẹ́lẹ̀, bó ṣe mọ́ tónítóní, tí kò sí nǹkankan níbẹ̀.

Ó lè pe ọ̀gá rẹ̀ padà nígbà náà. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn lè sọ pé, "Sà, èmi ni." Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gbé e mì. Ó rò ó pé bí òun bá kọ́kọ́ tún un ṣe, kò ní ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn mọ́, ìyẹn ló sì ṣe pàtàkì jù. Bó ṣe fi dá ara rẹ̀ láre nìyẹn. Ó kọ ìbéèrè náà padà síbi tó wà, ó sì gbé e jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ Ọládàpọ̀ tó fọn fèrè nísàlẹ̀.

"Kí lo rí?" ni Ọládàpọ̀ bi í nínú ọkọ̀.

"Mi ò tíì rí nǹkankan, sà. Mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n bá Dókítà Jimoh ní yàrá rẹ̀. Bàbá kan tó ga, tó ti hu ewú, tó sì máa ń rọra sọ̀rọ̀ ni. Àǹtí Happiness wà níbẹ̀, aṣọ iṣẹ́ àná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó rí Fẹ́yìsayọ̀, ojú rẹ̀ là, bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ dé.

"Ọpẹ́ o, ọmọ mi dé," ló wí. "Ó mọ̀ ọ́n. Á ṣàlàyé fún yín."

Dókítà gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ náà lé nọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́. "Sísítà, ẹ ṣe é lójú wa bí ẹ ṣe ṣe é lánàá."

Àǹtí Happiness ṣí fèrèsé ìkìlọ̀. Ó kọ pẹnisílínì síbẹ̀. Ó wá fi àtàǹpàkò kan ẹ̀yìn fèrèsé. Fẹ́yìsayọ̀ kò wo ojú kọ̀ǹpútà, ojú obìnrin náà ló ń wò, ó sì rí bí ìrètí ṣe kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fèrèsé náà kò tì. Ìbéèrè kan ló fò jáde: ohun tí ẹ kọ kò tíì wọlé, ṣé ẹ fẹ́ tì í bẹ́ẹ̀?

"Rárá," ni Àǹtí Happiness wí. Ó tún un ṣe. Ìbéèrè tún fò jáde. "Rárá o. Kò bi mí ní nǹkankan lánàá. Ó kàn tì ni. Mo fi Ọlọ́run búra, ó kàn tì ni!"

Ọládàpọ̀ wo ilẹ̀. Dókítà Jimoh mí kanlẹ̀. "Sísítà, èrò pọ̀ lánàá. Ó rẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irọ́ kún un."

"Fẹ́yì." Àǹtí Happiness kọjú sí i pátápátá. "Ìwọ lo tún un ṣe. O mọ̀ pé kì í bèèrè nǹkankan mọ́. Sọ fún wọn."

Fẹ́yìsayọ̀ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ohùn ẹni tó wà ní yàrá kejì.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Àǹtí."

Àǹtí Happiness gbé kọ̀ǹpútà náà sórí tábìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹyin. Dókítà ní kó máa lọ sílé títí wọn yóò fi mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n gbọ́ bàtà rẹ̀ tí ń lọ lójú ọ̀nà, Ọládàpọ̀ sì fọwọ́ kan Fẹ́yìsayọ̀ léjìká pé kó má bínú, ó ní òun mọ̀ pé ẹni rẹ̀ ni obìnrin náà.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu Fẹ́yìsayọ̀ mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlàfo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìlà akọrin. Olórí ẹgbẹ́ akọrin ń gbàdúrà fún Àǹtí Happiness níwájú, àwọn kan sì ń sọ ọ́ lẹ́yìn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ, ó sì fẹ́ ti ẹ̀bi sọ́rùn ẹ̀rọ. Fẹ́yìsayọ̀ ń gbọ́ ọ. Ẹnì kan bi í léèrè pé, "Ìwọ lo mọ ẹ̀rọ yẹn, ṣé òótọ́ ni?" Ó ní orí ń fọ́ òun, ó jáde síta.

Màmá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń wò ó. Kò bi í ní nǹkankan. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ó di iṣu àti ẹ̀wà sínú báàgì. "Dìde, ká lọ kí Happiness nílé rẹ̀ ní àdúgbò Nasarawa. A ò tíì lọ rí i, kò sì dáa. Ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, ìwọ àti ẹ̀ ni ọ̀rẹ́."

"Mọ́mì, mi ò—"

"Dìde."

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́. Fẹ́yìsayọ̀ gbé báàgì náà lé ẹsẹ̀, ó wúwo lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹ̀sùn.

Àǹtí Happiness ti rù. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó bu omi fún wọn, ó bi wọ́n bí ọ̀nà ṣe rí. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti ń wá ẹni tó fẹ́ ra aṣọ iṣẹ́ òun, torí òun kò ní fọwọ́ kan aláìsàn mọ́ láyé. Màmá Fẹ́yìsayọ̀ ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ nìkan ni kì í ṣe àṣìṣe.

"Kì í ṣe àṣìṣe, Màmá," ni Àǹtí Happiness wí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Àṣìṣe ì bá dáa. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé mò ń rí ara mi tí mò ń kọ ọ́. Mò ń rí i kedere, bí mo ṣe ń rí yín yìí. Mo rántí pé mo kọ́kọ́ ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, mo wá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní mi ò kọ ọ́. Mo ní fèrèsé kò bi mí, a dán an wò, ó bi mí. Fẹ́yì tó mọ̀ ọ́n dénú ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Fẹ́yì kì í sì í parọ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Orí mi ni, Màmá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ìyá tó bí mi nìyẹn. Á ní òun ti bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó yá, kò dá àwa ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Mo ti ń rò pé ó ti dé bá èmi náà."

Fẹ́yìsayọ̀ ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú, fún kí wọ́n lé e jáde. Kò múra sílẹ̀ fún èyí. Ó rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin yìí nìkan ni irọ́ òun gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gba ojú tó fi ń rí ara rẹ̀. Ó yọ́ kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kọ ọ́."

"Kí lo wí?"

"Ẹ kọ ọ́. Orí yín pé. Fèrèsé náà kò bi yín lóòótọ́, èmi ni mo yọ ìbéèrè náà kúrò nígbà tí mò ń tún un ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo dá a padà, kí a tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀rù ló bà mí. Àǹtí, ẹ má bínú. Kò sí ohun tó ṣe orí yín."

Màmá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Àǹtí Happiness sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà.

"Nígbà tí mo kọjú sí ọ lójú wọn, tí mo ní kí o sọ fún wọn, o mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"O mọ̀." Ó mi orí. "Mo ti ń lọ bá ìyá mi lójú oorun, mò ń bi í pé báwo ló ṣe máa ń rí tí iyè èèyàn bá ń ra. O mọ̀." Ó dìde, ó wọ yàrá, wọ́n sì gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe yí nínú ilẹ̀kùn. Wọ́n dúró títí, kò jáde. Wọ́n fi iṣu àti ẹ̀wà náà sílẹ̀, wọ́n lọ.

Nínú kẹ̀kẹ́, màmá rẹ̀ kò wò ó. Ìgbà tí wọ́n dé ìyànà ilé wọn, ó fọwọ́ kan ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ léjìká. "Má dúró, jàre. Máa gbé wa lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀." Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àṣegbé kan kò sí, Fẹ́yì. Àṣepamọ́ ló wà, ìwọ sì rí ohun tó fi ń ṣe èèyàn."

Ọládàpọ̀ gbọ́ ọ tán, ó gbé orí lé ọwọ́ méjèèjì. "Kóòdù tó bàjẹ́, mo lè fara dà á," ló wí. "Èmi náà ti ba púpọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n jókòó níwájú obìnrin yẹn, kí n wò ó bí onírọ́." Kò pariwo, ìyẹn ló mú kó burú. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ sí Ungwan Rimi.

Dókítà Jimoh gbọ́ tirẹ̀ lórí ìdúró. Nígbà tí Fẹ́yìsayọ̀ parí, ó ní òun náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, torí òun gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ẹni tó ti bá òun ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Ọládàpọ̀ pé àwọn máa wá ẹlòmíràn tí yóò máa bójú tó àkọsílẹ̀ àwọn. Ọládàpọ̀ kò bá a jiyàn.

Ẹni tó kù ni Ganiat. Ẹnì kankan kò rán Fẹ́yìsayọ̀ lọ síbẹ̀. Ó dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sì bá Jemilat tó jókòó sórí ìdì aṣọ, tó ń jẹ èso góbà, tó ń bá ara rẹ̀ sọ Hausa. Ara rẹ̀ ti dá. Fẹ́yìsayọ̀ ròyìn ohun tó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi nǹkankan pamọ́.

Ganiat ń ká aṣọ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Nígbà tó parí, ó gbé aṣọ sílẹ̀.

"Ọmọ mi wà láàyè, alhamdulillah. Ìyẹn ni mo fi lè dúró gbọ́ ohun tí ò ń sọ. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Ká ní ó kú, wallahi, ṣé wàá wá?"

Fẹ́yìsayọ̀ ya ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ọmọ náà, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì rí i pé òun kò mọ̀.

"Mi ò mọ̀, mà."

"Tóò," ni Ganiat wí. Ó tún gbé aṣọ rẹ̀. "Ó dáa tí o kò parọ́ èyí náà. Máa lọ."

Dókítà Jimoh fúnra rẹ̀ lọ sí Nasarawa lọ bẹ Àǹtí Happiness, obìnrin náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó padà sínú ẹgbẹ́ akọrin pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìlà ẹ̀yìn ló lọ dúró sí. Ọládàpọ̀ kò lé Fẹ́yìsayọ̀. Àmọ́ láti ìgbà náà, kì í jẹ́ kó gbé ohunkóhun jáde láìjẹ́ pé òun jókòó tì í kí òun sì wò ó látòkèdélẹ̀, ojú sì máa ń ti Fẹ́yìsayọ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń bá ka owó ọjà tí wọ́n rán an.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó pàdé Huda, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn náà, lẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́. Ó bèèrè Àǹtí Happiness lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó wà dáadáa," ni Huda wí. "Àfi pé tó bá ti kọ nǹkan tán, á jáde, á tún padà wọlé wá wò ó. Á tún pe ọ̀kan nínú wa, á ní, 'Bá mi wò ó, ṣé ìwọ náà rí i níbẹ̀?' A máa ń sọ fún un pé a rí i. Kì í gbà wá gbọ́ bọ̀rọ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀.

Fẹ́yìsayọ̀ kò lè wọ kẹ̀kẹ́ tó dúró tẹ̀ lé e. Ó jẹ́ kó lọ, ó jẹ́ kí èyí tó tẹ̀ lé e náà lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì kí èrò tó pé, ó sì bá Àǹtí Happiness níbi tó ti ń to ìwé orin. Ó kúnlẹ̀ kí i, bó ṣe ń kí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìgbà tó ti padà dé.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí."

Àǹtí Happiness to ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

"Káàárọ̀," ló wí, ó sì gbé ìdajì àwọn ìwé náà lé e lọ́wọ́ kó bá òun pín in.